Mo ra Bíbélì oníwèé 80 ní Yábàá, ẹ gbọ́ bó ṣe rí

Kí n tètè sọ ọ́ fún ẹni tó ń kánjú: Bíbélì yìí dáa, tẹ́ ẹ bá lówó ẹ̀ ẹ rà á, sítáà 4 nínú 5 ni mo fún un, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́ ẹ ṣí i wò láti páálí dé páálí kẹ́ ẹ tó kúrò níwájú ẹni tó ń tà á. Èmi ò ṣí i. Òjò ti ṣú, mo sanwó, mo sọ ọ́ sínú báàgì, mo sáré wọ mọ́tò. Ilé ni mo dé kí n tó rí i pé odindi ojú ewé 16 nínú ìwé Mákábéù Kìíní dorí kodò, wọ́n rán an mọ́ ìwé lódìlódì, ìyẹn ni pé tó o bá kà á dé ibi tógun ti ń gbóná wàá yí gbogbo ìwé po, wàá ka ojú ewé 16, wàá tún yí i padà. Mo pe ọkùnrin tó tà á fún mi lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó pé àbí kò pé?" Mo ní ó pé. Ó ní, "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó."

King James ni o, òyìnbó ayé àtijọ́, àmọ́ èyí tó ní Àpókírífà nínú, ìyẹn àwọn ìwé tí kò sí nínú Bíbélì tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò, tí wọ́n kó o sáàárín Málákì àti Mátíù bí wọ́n ṣe kó o síbẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ lọ́dún 1611. Ìwé 66 tí gbogbo wa mọ̀ ń bẹ níbẹ̀, wọ́n wá fi 14 kún un, ó di 80. Kò sí máàpù, kò sí àlàyé nísàlẹ̀ ewé, kò sí lẹ́tà pupa fún ọ̀rọ̀ Jésù. Páálí dúdú, rìbọ́nù pupa kan, ewé ẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé lẹ́tà ẹ̀yìn ń yọjú síwájú, tíná bá lọ tó o fi tọ́ọ̀ṣì fóònù kà á ó máa dà bí ẹni pé ẹsẹ méjì ń jà. Ẹgbẹ̀rún 25 náírà ló kọ́kọ́ pè é, mo ná an dé 18.

Ohun tó gbé mi dé ìdí ẹ̀, àdúrà Màámi ni. Séráfù ni Màámi, ìjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1925, Bàbá mi ló jẹ́ Áńgílíkà, Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ ire. Láti kékeré la ti ń jí gbọ́ ọ, aago márùn-ún ìdájí, Máíkẹ́lì balógun ọ̀run, Gébúrẹ́lì, Ráfáẹ́lì, Yúríẹ́lì, á máa pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìgbà téèyàn ń pe ọmọ ilé wọlé wá jẹun. Àwọn Sẹ̀lẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní 1947 ń pe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ sẹ́kọ́ńdìrì ló wá bi í lọ́jọ́ kan pé, "Ìyá àgbà, orí wo ni Ráfáẹ́lì wà nínú Bíbélì?" Màámi ní ó wà níbẹ̀, ẹ lọ wá a.

A wá a títí. Máíkẹ́lì wà nínú Dáníẹ́lì, ó wà nínú Júúdà, ó wà nínú Ìfihàn. Gébúrẹ́lì wà nínú Dáníẹ́lì, òun náà ló lọ bá Màríà nínú Lúùkù. Áńgẹ́lì tó ń jẹ́ Ráfáẹ́lì, kò sí. Yúríẹ́lì, àwọn kan ń jẹ́ orúkọ yẹn nínú Kíróníkà, àmọ́ èèyàn ẹlẹ́ran ara ni wọ́n, wọn ò níyẹ̀ẹ́ apá. Ọmọ yẹn wá wo ìyá àgbà, ó ní, "Àbí ẹ̀yin lẹ fún un lórúkọ ni?" Háà! Màámi ò bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀ nílé yẹn títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ibi tó wà nìyí: ìwé Tóbítì, orí 12, ẹsẹ 15, Ráfáẹ́lì fẹnu ara ẹ̀ sọ pé ọ̀kan nínú àwọn áńgẹ́lì mímọ́ méje lòun. Yúríẹ́lì wà nínú Ẹ́sídírásì Kejì, òun ló ń bá Ẹ́sírà jiyàn níbẹ̀, tó ní kó bá òun wọn bí iná ṣe wúwo tó, tàbí kó pe àná padà wá. Tóbítì àti Ẹ́sídírásì, inú Àpókírífà ni méjèèjì wà, wọn ò sí nínú Bíbélì Mímọ́ tó wà lórí tábìlì wa.

Màámi ò gbọ́ òyìnbó King James, torí náà èmi ni mò ń ka Tóbítì fún un tí mo ń tú u sí Yorùbá bí mo ṣe ń lọ. Orí 14 péré ni, àmọ́ alẹ́ mẹ́ta la fi kà á, torí kò sí ẹsẹ tí kò ní ohun tó fẹ́ sọ sí. Bàbá arúgbó kan ní Nínéfè, tó ń yọ́ sin òkú àwọn èèyàn ẹ̀ tí ọba pa, ó sùn sẹ́bàá ògiri lálẹ́ ọjọ́ kan, ológoṣẹ́ yàgbẹ́ sí i lójú, ojú fọ́. (Màámi: "Ẹ ò rí i! Ẹni tó ń ṣe rere!") Ó wá rán Tóbíásì ọmọ ẹ̀ lọ sọ́nà jíjìn kó lọ gba owó tóun fi pamọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan, wọ́n wá géńdé tó máa sìn ín lọ, wọ́n dúnàádúrà owó ojúmọ́ pẹ̀lú ẹ̀, wọn ò mọ̀ pé áńgẹ́lì làwọn ń bá dúnàádúrà. Ajá wọn tẹ̀ lé wọn. Ajá yẹn ò ṣe nǹkan kan nínú ìtàn náà o, ó kàn tẹ̀ lé wọn lọ, ó tún tẹ̀ lé wọn bọ̀, àmọ́ títí dòní bí Màámi bá máa sọ̀rọ̀ Tóbítì, ajá ló máa fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá wo ibi tó ti dùn. Omidan kan wà lọ́nà tó ń jẹ́ Sárà, ọkọ méje ló ti fẹ́, méjèèje kú mọ́ ọn lálẹ́ ìgbéyàwó, torí ẹ̀mí àìmọ́ kan tó ń jẹ́ Asimódíọ́sì nífẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mi ò tíì mí sí i tí Màámi fi pàtẹ́wọ́: "Ọkọ ọ̀run nìyẹn! Ọkọ ọ̀run ni!" Tóbíásì gbà láti fẹ́ ẹ, áńgẹ́lì ti kọ́ ọ ní ohun tó máa ṣe, ọkàn àti ẹ̀dọ̀ ẹja tó mú létí odò ló jó pẹ̀lú tùràrí nínú yàrá, Asimódíọ́sì gbóòórùn, ó sá dé Íjíbítì. Àmọ́ bàbá ìyàwó ò mọ̀, ọkàn ẹ̀ ò balẹ̀, òru yẹn ló dìde lọ gbẹ́ sàréè sílẹ̀ de ọkọ kẹjọ. Nígbà tí wọ́n rán ọmọ ọ̀dọ̀ lọ yọjú wò wọ́n, ó bá tọkọtìyàwó tí wọ́n ń sùn. Bàbá ní kí wọ́n yára dí sàréè yẹn. Màámi rẹ́rìn-ín débi tí ikọ́ fi mú un. Ìgbà tí wọ́n padà délé tí wọ́n fi òróòro ẹja yẹn sí bàbá arúgbó lójú tójú là, kò rẹ́rìn-ín mọ́, ó ń nu ojú tiẹ̀.

Tó bá jẹ́ ìtàn Tóbítì nìkan ló wà nínú ìwé yìí, mi ò ní bínú sí ẹgbẹ̀rún 18 mi. Àmọ́ ó ṣì kù. Èyí tí wọ́n pè ní Bẹ́lì àti Dírágónì, bí ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ló rí: ọba Bábílónì ní òrìṣà Bẹ́lì máa ń jẹun, lójoojúmọ́ wọ́n ń gbé àgùntàn 40 àti ìyẹ̀fun àti wáìnì síwájú ẹ̀, tílẹ̀ bá mọ́ kò ní sí nǹkan kan níbẹ̀. Dáníẹ́lì rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń gbé e, ó wá ku eérú sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gbogbo yàrá, ojú ọba nìkan ló sì ṣe é, wọ́n tilẹ̀kùn wọ́n fi èdìdì dì í. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹsẹ̀ ọkùnrin, ẹsẹ̀ obìnrin, ẹsẹ̀ ọmọdé ló kún inú eérú yẹn, àwọn àlùfáà 70 àti ìdílé wọn ló ń gba ọ̀nà kọ̀rọ̀ wọlé wá jẹun lóru. Mo ka ìyẹn fún ọmọ mi, ó ní kí n tún un kà.

Júdíìtì gé orí ọ̀gágun nínú àgọ́ ẹ̀ lójú oorun, Caravaggio yà á, Artemisia Gentileschi náà yà á, ẹ lọ wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ bá lọ́kàn ẹ̀. Mákábéù Kìíní tó dorí kodò lọ́wọ́ mi yẹn, ìtàn Júdásì Mákábéù ló kún inú ẹ̀, bó ṣe gba tẹ́ḿpìlì padà tó sì yà á sí mímọ́, òun ni Jòhánù 10:22 ń sọ nígbà tó ní ó jẹ́ àjọ̀dún ìyàsímímọ́ ní Jerúsálẹ́mù. Mo ti ka ẹsẹ yẹn láìmọye ìgbà rí láìbéèrè pé àjọ̀dún kí ni. Handel náà ṣe orin lé Júdásì yìí lórí, tí wọ́n kọ́kọ́ kọ síta ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1747, ohùn kan nínú ẹ̀ làwọn ṣọ́ọ̀ṣì ń fi kọ orin Àjíǹde títí di òní.

Bàbá mi wá ńkọ́? Áńgílíkà tó le ni Bàbá mi, kì í fẹ́ gbọ́ nǹkan tí kò sí nínú Bíbélì, ó sì máa ń fi áńgẹ́lì Màámi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹgbẹ́ akọrin ló wà títí tó fi kú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń lọ Áńgílíkà, ẹ mọ orin ìsìn òwúrọ̀ inú Ìwé Àdúrà yẹn, èyí tó ń pe gbogbo iṣẹ́ Olúwa pé kí wọ́n fi ìbùkún fún Un, oòrùn àti òṣùpá, ìrì àti òtútù, òkè ńlá àti òkè kékeré, títí kan àbùùbùtán inú omi, tó gùn débi tí ọmọdé á fi sùn lọ, tó wá parí sórí orúkọ Ananíà, Asaríà àti Míṣáẹ́lì? Àwọn Ṣádírákì, Méṣákì àti Àbẹ́dínígò ni, inú iná ìléru ni wọ́n ti ń kọ ọ́. Ẹ ṣí Dáníẹ́lì orí 3 nínú Bíbélì Yorùbá tiyín, ẹ wá orin yẹn níbẹ̀. Ẹ ò ní rí i. Àpókírífà ló wà, ojú ewé kan ṣáájú Sùsánà nínú tèmi yìí. Bàbá mi fi gbogbo ayé ẹ̀ kọ Àpókírífà lórin pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn, ó dé ilé ó ń bá Màámi jà lórí Ráfáẹ́lì. Ó wù mí kó ṣì wà láyé kí n fi hàn án.

Ó wá di ìbéèrè ta ló yọ ọ́. Lórí Wọ́ọ̀sáàpù, ìdáhùn wọn ò ju ọ̀kan lọ: ọba Róòmù kan jókòó ní Níkéà ní 325, ó mú èyí tó wù ú, ó jó ìyókù níná. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ Áríúsì, àlùfáà tó ní Jésù ò dọ́gba pẹ̀lú Ọlọ́run Baba, àti ọjọ́ tí wọ́n á máa ṣe Àjíǹde ni wọ́n bá lọ sí Níkéà, wọn ò pinnu ìwé tó máa wà nínú Bíbélì níbẹ̀. Òǹkà ìwé tí ìjọ gbà bí Ìwé Mímọ́ ni wọ́n ń pè ní kánọ́nù, ọ̀rọ̀ Gíríìkì ni, igi ìféèfé ló túmọ̀ sí, ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn nǹkan, bí télọ̀ ṣe ń fi tépù wọn èèyàn kó tó gé aṣọ. Àmọ́ télọ̀ yẹn ò jẹ́ ẹyọ kan, tépù wọn ò sì dọ́gba. Àtànásíù bíṣọ́ọ̀bù Alẹkisáńdíríà kọ lẹ́tà ọdún Àjíǹde rẹ̀ ní 367, ó to ìwé Májẹ̀mú Tuntun, 27 gééré bó ṣe wà lọ́wọ́ wa. Ẹ máa rò pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Lẹ́tà kan náà, Bárúkù wọlé, Ẹ́sítérì ò wọlé! Ẹ́sítérì tí àwọn ìyá wa ń tìtorí ẹ̀ gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀dọ̀ Tóbítì àti Júdíìtì ni Àtànásíù fi í sí, láàárín àwọn tó dáa láti kà àmọ́ tí kò sí nínú òǹkà. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn ìyẹn, ní 397, àwọn bíṣọ́ọ̀bù ilẹ̀ Áfíríkà pàdé ní Kátéèjì, ní Tùníṣíà òní, Ẹ́sítérì wọlé, Tóbítì wọlé, Júdíìtì wọlé, Mákábéù méjèèjì wọlé. Jẹ́rómù tó ń túmọ̀ Bíbélì sí Látìn ò fara mọ́ irú ìyẹn, ó ní ìwé tí kò bá sí lọ́dọ̀ àwọn Júù, kí wọ́n yà á sọ́tọ̀.

Ẹgbẹ̀rún ọdún ni wọ́n fi ń kà á mọ́ ara wọn bẹ́ẹ̀. Martin Luther ló wá kó wọn jọ sọ́tọ̀ láàárín májẹ̀mú méjèèjì nínú Bíbélì Jámánì tiẹ̀ ní 1534, ó ní wọn ò dọ́gba pẹ̀lú Ìwé Mímọ́ àmọ́ wọ́n dáa láti kà. (Luther yìí kan náà pe Jákọ́bù ní lẹ́tà koríko gbígbẹ, mo sọ ọ́ kẹ́ ẹ lè mọ irú ẹni tó jẹ́.) Àwọn Àgùdà gbọ́, wọ́n ṣèpàdé ní Trent, ní 1546 wọ́n ní ẹni tí kò bá gba Tóbítì àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ bí Ìwé Mímọ́, ègún ni fún un. Ìdí nìyẹn tí tiwọn fi jẹ́ 73. Ìjọ Ẹtiópíà ka tiwọn sí 81.

Tàwa Yorùbá ló dùn mí jù, torí kì í ṣe nílé wa ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Áńgílíkà ni bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther tó léwájú nínú títú Bíbélì sí Yorùbá, ìjọ Áńgílíkà sì fi í sínú òfin ìgbàgbọ́ wọn pé Àpókírífà dáa láti kà fún ẹ̀kọ́ ìwà, wọn ò kàn ní gbé ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ kalẹ̀ lórí ẹ̀. Kódà ní 1615 olórí bíṣọ́ọ̀bù wọn, George Abbot, ní ẹni tó bá ta Bíbélì láìfi Àpókírífà sí i, ẹ̀wọ̀n ọdún kan. Àmọ́ ẹgbẹ́ tó ń tẹ Bíbélì ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1804, ti jà láàárín ara wọn, àwọn ará Skọ́tíláǹdì ní àwọn ò ní dáwó fún ìwé tí Àpókírífà bá wà nínú ẹ̀, nígbà tó di 1826 ẹgbẹ́ fẹnu kò pé kọ́bọ̀ àwọn ò ní bá a lọ mọ́. Ẹgbẹ́ yẹn náà ló tẹ odindi Bíbélì Yorùbá jáde ní 1884. Èmi ò sọ pé ọ̀tẹ̀ ni. Mò ń sọ pé nígbà tí Màámi ń wá Ráfáẹ́lì tí kò rí i, ìjà owó ìdáwó kan ní Edinburgh àti Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí Crowther ṣì jẹ́ géńdé ní Sàró, wà lára ohun tó jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọkùnrin Yábàá, torí mo ṣì ní ẹ̀sùn. Ohun tó kọ sórí páálí tó gbé síwájú ìsọ̀ ni pé gbogbo ìwé tí wọ́n yọ ló wà nínú ẹ̀, Énọ́kù náà wà níbẹ̀. Énọ́kù ò sí níbẹ̀ o! King James ò ní Énọ́kù rí, ẹnì kankan ò sì yọ ọ́ níbẹ̀. Ẹtiópíà ló ti wà nínú Bíbélì, ibẹ̀ ni James Bruce ará Skọ́tíláǹdì ti gbé e wá sí ilẹ̀ òyìnbó ní 1773, bẹ́ẹ̀ Júúdà ẹsẹ 14 ti ń fa ọ̀rọ̀ ẹ̀ yọ látọjọ́ yìí. Tó bá jẹ́ Énọ́kù lẹ ń wá, ẹ ra tiẹ̀ lọ́tọ̀. Nígbà tí mo padà lọ sọ fún un, ó bẹ̀ mí, ó ní òun á fi nǹkan mìíràn dí i, ó wá na Ìwé Kẹfà àti Keje ti Mósè sí mi. Mo ní ṣé kì í ṣe pé o fẹ́ ba ilé mi jẹ́. Ìyẹn ò sí nínú kánọ́nù ìjọ kankan láyé, Stuttgart ní Jámánì ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ní 1849, idán ló kún inú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí ìsọ̀ ìwé ẹ̀gbẹ́ títì téèyàn ò ti ní rí i. Ó kàn rẹ́rìn-ín, ó fi ẹgbẹ̀rún kan náírà lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n fi ra sélótéèpù.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló dùn. Ẹ́sídírásì Kìíní, ohun tẹ́ ẹ ti kà nínú Kíróníkà àti Ẹ́sírà ló tún ń sọ, ẹ lè fò ó, àfi ibi tí ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta ti ń jiyàn lórí ohun tó lágbára jù láyé. Bẹ́ẹ̀ ni Síráákì, ọgbọ́n wà lẹ́nu ẹ̀ àmọ́ ẹnu ẹ̀ burú sí obìnrin, mo fo ẹsẹ mélòó kan nígbà tí mò ń kà á fún Màámi, ẹ má sọ fún un. Orí 38 ẹ̀ nìkan ni mo fẹ́ kí wọ́n tẹ̀ síta kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì: kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún oníṣègùn, Olúwa ló dá òògùn láti inú ilẹ̀, ọlọ́gbọ́n ò ní kọ̀ ọ́. Àǹtí mi kan ti da òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sílẹ̀ oṣù mẹ́rin torí ààwẹ̀. Mo ka orí yẹn sí i létí. Ó ní Bíbélì wo nìyẹn. Màámi ló dá a lóhùn látinú yàrá, "Èyí tí Ráfáẹ́lì wà nínú ẹ̀ ni."

Ohun tó mú mi fẹ́ràn Mákábéù Kejì gan-an, ẹsẹ kan nítòsí ìparí ẹ̀ ni, níbi tí ẹni tó kọ ọ́ ti ní tóun bá kọ ọ́ dáadáa, ohun tóun fẹ́ nìyẹn, tí kò bá sì dáa tó, ibi tágbára òun mọ nìyẹn. Mi ò rí ẹlòmíì nínú Bíbélì tó bẹ òǹkàwé báyìí.

Ẹni tó bá ń wá Bíbélì fún ìkẹ́kọ̀ọ́, tó fẹ́ àlàyé àti máàpù, èyí kọ́. Ẹni tójú ń dùn, ẹ má dá a lábàá, lẹ́tà ẹ̀ kéré bí ẹyin èèrà. Ẹni tó fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń pè nínú àdúrà àti ohun tí wọ́n ń kọ lórin, ẹ ná an dé 18, ẹ má gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, kẹ́ ẹ sì wo Mákábéù Kìíní dáadáa.

Èmi gan-an ò tún rí tèmi kà mọ́. Abẹ́ pílò Màámi ló ń sùn, rìbọ́nù pupa yẹn wà ní Tóbítì, kò sì gbọ́ òyìnbó tó wà níbẹ̀. Ẹ̀yin Àgùdà, tẹ́ ẹ bá mọ ibi tí mo ti lè rí Tóbítì lédè Yorùbá, onílẹ́tà gbàǹgbà, ẹ sọ fún mi, kí n lè gba ìwé mi padà.